Máíkírówéfù wo ló bá iná ilé yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Ẹ̀yìn máíkírówéfù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ agbára méjì sí. Ọ̀kan, tó sábà máa ń jẹ́ 700W, 800W tàbí 900W, ni agbára tó ń wọ inú oúnjẹ. Èkejì, tó máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ni iná tí ẹ̀rọ náà ń fà látinú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí. Ti kejì ló máa sọ bóyá ẹ ó rí ẹ̀rọ náà lò nílé yín tàbí ẹ ó kàn gbé e kalẹ̀ lásán. Nítorí náà, orí iná la ti máa bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí, a ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì.

Iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ àti sóólà

Máíkírówéfù tó ń fún oúnjẹ ní 700W máa ń fa nǹkan bíi 1,050W sí 1,200W. Ti 800W ń fa 1,200W sí 1,300W, ti 900W sì ń fa bíi 1,400W. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ti di ooru nínú ẹ̀rọ, òun ni fáànù ń fẹ́ jáde láti ẹ̀yìn.

Bí iná ìjọba bá ń wọlé ní 220V sí 240V, kò sí èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ nínú wọn. Iná tó rẹlẹ̀ ni ìṣòro. Nǹkan kan wà nínú máíkírówéfù tí wọ́n ń pè ní mágínẹ́tírọ́ọ̀nù. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni èyí tí wọ́n lò fún rédà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ló ń sọ iná di ìgbì tó ń mú oúnjẹ gbóná, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìrí iná tó tó nǹkan bíi 4,000V. Túránsífọ́mà inú ẹ̀rọ ló ń gbé iná ilé yín dé ibẹ̀. Tí iná bá wá já sí 170V, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́tírọ́ọ̀nù kò ní tó mọ́. Àwo á máa yí, gílóòbù á máa tàn, fáànù á máa fẹ́, ọbẹ̀ á sì wà ní tútù bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan lọ fún àtúnṣe nítorí èyí. Ẹ dán an wò lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá dára kí ẹ tó náwó.

Ilé tí iná rẹ̀ ń lọ sókè-sódò nílò sítébíláísà. Fún máíkírówéfù 700W, 2,000VA ni kí ẹ rà. Sítébíláísà 1,000VA tí a ń lò fún tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e, yóò gbóná títí yóò fi jó.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó 1kVA, èyí tí a fi ń tan gílóòbù àti fáànù, kò lè gbé máíkírówéfù kankan. Kí ẹ má tilẹ̀ dán an wò, nítorí iná á já wálẹ̀, ohun mìíràn tó wà lára iná náà lè bá a lọ. Ti 2.5kVA lè gbé 700W pẹ̀lú iná díẹ̀ àti fáànù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pa fíríìsà. Tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìsà bá gbéra lásìkò tí oúnjẹ ń gbóná, ẹrù á wọ jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn.

Ẹni tó ń lo sóólà ní ohun méjì láti wò. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ínfátà: ti 1.5kVA sábà máa ń gbé bíi 1,200W péré, ìyẹn sì ti dé etí bèbè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2.5kVA. Èkejì ni irú iná tó ń pèsè. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ pure sine wave sí i lára, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti ìjọba. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò rí báyìí máa ń mú kí túránsífọ́mà inú máíkírówéfù kùn hùn-ùn, ooru rẹ̀ kì í sì í pé, nítorí iná yẹn kì í ga tó ibi tó yẹ. Ẹ rántí bátìrì pẹ̀lú: máíkírówéfù 700W máa ń fà tó 55A láti ara bátìrì 24V. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó nǹkan fún bátìrì tó kún. Tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdájí, ó lè mú kí iná gbogbo ilé kú.

Páálí tí wọ́n kọ “Inverter” sí

Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé bátìrì wà nínú máíkírówéfù, kò sì túmọ̀ sí pé iná sóólà ló ń lò. Ohun tó ń sọ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà dín agbára rẹ̀ kù.

Máíkírówéfù onítúránsífọ́mà, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, kò mọ ìdajì. Tí ẹ bá fi í sí 50%, yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò dákẹ́ fún bẹ́ẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí padà. Oní-Inverter máa ń dín agbára náà kù ní tòótọ́, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìdákẹ́.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù ni ẹja àti ẹran tó wá láti fíríìsà. Nínú onítúránsífọ́mà, etí ẹja títùs máa ń jiná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Oní-Inverter ń yọ́ ọ dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún fúyẹ́, kì í sì í já iná gbà lójijì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, èyí sì tu ínfátà ilé àti jẹnẹrétọ̀ lára.

Àtúnṣe ni àléébù rẹ̀. Túránsífọ́mà, dáódù àti kápásítọ̀ ti máíkírówéfù àtijọ́ wà káàkiri, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní ọjà Alábà l'Ékòó àti ní àwọn ìlú mìíràn ló sì mọ̀ wọ́n. Bọ́ọ̀dù oní-Inverter kì í fara da iná tó bá ya wọlé lójijì, tó bá sì ti kú, odindi rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, tí wọ́n bá rí i rà. Èrò tiwa ni pé ilé tí iná rẹ̀ dúró dáadáa, tó sì ń kó oúnjẹ púpọ̀ sí fíríìsà, kí ó ra oní-Inverter. Ilé tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, kí ó dúró ti onítúránsífọ́mà.

Sólò, oní-grill àti convection

| | Sólò | Oní-grill | Convection |
|---|---|---|---|
| Iṣẹ́ rẹ̀ | Ó ń mú oúnjẹ gbóná, ó ń yọ́ yìnyín, ó ń se nǹkan tó lómi | Iṣẹ́ sólò, pẹ̀lú irin gbígbóná lókè tó ń sun ojú oúnjẹ | Iṣẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú fáànù àti ooru tó ń yan nǹkan |
| Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ | Lítà 17 sí 23 | Lítà 20 sí 25 | Lítà 25 sí 32 |
| Iná tó lè fà | 1,050W sí 1,400W | Bákan náà. Grill fúnra rẹ̀ bíi 1,000W | Ó lè dé 2,500W |
| Abọ́ ike | Èyí tó bá dára fún un | Rárá, tí grill bá ń ṣiṣẹ́ | Rárá, tí convection bá ń ṣiṣẹ́ |
| Ìnira ìmọ́tótó | Díẹ̀ | Ọ̀rá máa ń jó mọ́ irin òkè | Ọ̀rá máa ń wọ ẹnu ihò fáànù |

Sólò lásán ló yẹ ọ̀pọ̀ ilé, a kò sì fi èyí pa mọ́. Ìrẹsì àná, ọbẹ̀, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti àmàlà ni ohun tí a ń gbé sínú máíkírówéfù lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tó nílò grill nínú wọn.

Grill wúlò fún ojú adìyẹ, búrẹ́dì àti ẹja tí a fẹ́ kó pọ́n. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni ẹ óò fi dúró, ẹ ó sì yí i padà láàárín méjì. Irin oníẹsẹ̀ mẹ́ta tó bá a wá ni kí ẹ gbé ẹran lé kó lè sún mọ́ òkè. Ẹni tó bá ti ní air fryer nílé ti ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Convection ni ẹni tó ń yan kéèkì àti míìtì páì lè rò, ní pàtàkì tí kò bá sí ààyè fún ààrò gáàsì ní kíṣìnnì. Ooru rẹ̀ sábà máa ń dé 200°C sí 230°C. Ẹ jẹ́ kó gbóná sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbé kéèkì wọ inú rẹ̀. Ẹ ka iná rẹ̀ kí ẹ tó pinnu: ìṣẹ́jú 40 lórí convection lè gba yúníìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí mítà, nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi mú oúnjẹ gbóná kò ju ìdá mẹ́wàá yúníìtì kan lọ. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, convection kò bá a mu.

Lítà mélòó?

Ẹ wọn abọ́ tí ẹ fi ń jẹun kí ẹ tó lọ sọ́jà. Lítà tó wà lára páálí kò sọ ohun tó lè yí nínú ẹ̀rọ láìkọlu ògiri. Àwo gíláàsì inú máíkírówéfù lítà 20 sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24.5 sí 25.5, ti lítà 23 sí 25 jẹ́ bíi 27, ti lítà 30 jẹ́ bíi 31.5. Páírẹ́ẹ̀sì onígun mẹ́rin tó gùn ju àwo lọ máa ha mọ́ ògiri, mọ́tò tó ń yí àwo á máa jà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ṣẹ́.

Fún ẹni kan sí mẹ́ta, lítà 20 tó. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà, 23 sí 25. Ẹ̀rọ tó tóbi kì í mú oúnjẹ yá: W ló ń mú un yá. Oúnjẹ tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú 700W máa gba bí ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 20 nínú 900W.

Àwo tó ń yí, ògiri inú, ọwọ́ yíyí

Àwọn kan wà tí kò ní àwo tó ń yí. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́ ilẹ̀ yẹn sì ni ohun tó ń da ìgbì káàkiri wà. Abọ́ onígun mẹ́rin wọ inú wọn dáadáa, wọ́n sì rọrùn láti nù. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ náà bá là, ẹ̀rọ ti tán nìyẹn, nígbà tí àwo gíláàsì tó fọ́ ṣeé rà lọ́tọ̀. A fara mọ́ àwo tó ń yí.

Ògiri inú tí wọ́n fi ọ̀dà lásán kùn máa ń bó níbi tí omi bá ti ń dúró, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀, iná á sì máa ta pààrà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì bò pẹ́ jù ú lọ.

Ọwọ́ yíyí méjì, ọ̀kan fún agbára, ọ̀kan fún aago, ń fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Kò péye tí àkókò bá kéré: fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ yí i kọjá kí ẹ tó dá a padà sí ibi tí ẹ fẹ́. Bọ́tìnnì títẹ̀ péye dé ìṣẹ́jú àáyá, ó sì sàn fún ẹni tó ń yọ́ bọ́tà tàbí ṣokoléètì. Aáyán fẹ́ràn láti wọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ nítorí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ìgbẹ́ wọn ló sì ń mú kí bọ́tìnnì máa tẹ ara rẹ̀.

Tuntun àbí tòkunbọ̀?

Tòkunbọ̀ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ jọ̀wọ́. Iná ìlú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230V, 50Hz bíi ti Nàìjíríà, ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn sì jẹ́ onígun mẹ́rin mẹ́ta bíi tiwa. Ẹ kàn wò ó bóyá fíùsì 13A ló wà nínú púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe 3A. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ fi í sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí.

Olùtajà á ní kí ẹ ra túránsífọ́mà tó ń sọ 230V di 120V. Yóò ní láti tó 2,000VA, ó wúwo, ó sì ń gba owó. Síbẹ̀ kò yanjú ti Hz. Túránsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60Hz máa ń gbóná ju bó ti yẹ lọ lórí 50Hz, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì kúrú. Aago tó bá ń fi Hz iná ka àkókò máa pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá sì tẹ̀ á di ìṣẹ́jú kan àti àáyá 12. Tí ẹbí bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ láti Houston tàbí Atlanta, ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́. Láti London tàbí Manchester, ó dára.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe níwájú olùtajà tòkunbọ̀ nìyí. Ẹ mú abọ́ gíláàsì, omi lítà kan àti tẹmómítà oúnjẹ dání. Ẹ wọn bí omi ṣe gbóná tó, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gééré, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Iye °C tó fi lé, ẹ fi 70 sọ ọ́ di púpọ̀, W tòótọ́ tó ń wọ oúnjẹ nìyẹn. Tó bá fi 10°C lé, 700W ni. Tó bá jẹ́ pé 800W ni wọ́n kọ sí i, tó wá fi 6°C péré lé, tí iná ọjà náà sì dára, mágínẹ́tírọ́ọ̀nù ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ilẹ̀kùn: tó bá ń mì, tó bá wọ́, tàbí tí àwọ̀n irin inú gíláàsì rẹ̀ bá ní ihò tó ya, ẹ má rà á ní iyekíye. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Abọ́ tó wọ ibẹ̀ àti èyí tí kò wọ ibẹ̀

Gíláàsì páírẹ́ẹ̀sì àti abọ́ sẹ̀rámíìkì tí kò ní ìlà wúrà létí ló dára jù. Ike tí wọ́n kọ 5 tàbí PP sí nídìí lè fara da omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọbẹ̀ elépo, nítorí epo máa ń gbóná kọjá ibi tí omi lè gbóná dé. Ìdí nìyí tí ike fi ń ní ojú pupa tó rí háràhárà, tí kò sì ṣeé fọ̀ kúrò mọ́.

Abọ́ tánganran tí a jogún lọ́wọ́ ìyá wa kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Irin ló wà lábẹ́ àwọ̀ dídán yẹn. Bákan náà ni ìkòkò, ṣíbí, fóìlì àti páàkì tí wọ́n fi fóìlì ṣe ọmọrí rẹ̀. Mẹ́lámáìnì, abọ́ tó jọ sẹ̀rámíìkì ṣùgbọ́n tó fúyẹ́, máa ń gbóná fúnra rẹ̀ tí oúnjẹ á sì wà ní tútù. Ó tún lè là. Ẹ má lo ìkòkò amọ̀ náà: ó ń mu omi, ó á gbóná gan-an lọ́wọ́.

Bí abọ́ kan kì í bá ṣe irin, tí ẹ kò sì mọ irú tó jẹ́, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ ní òfìfo, ẹ gbé ife omi kan tì í, ẹ tẹ ìṣẹ́jú kan. Tí omi bá gbóná tí abọ́ sì tutù, ó dára. Tí abọ́ bá gbóná, ẹ gbé e padà sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Oúnjẹ wa: máíkírówéfù tàbí gáàsì?

Omi inú oúnjẹ ni ìgbì náà ń mú gbóná, kì í sì í wọlé ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Ohun tó wà ní àárín ń dúró de ooru láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń rò ó, tí a fi ń tẹ́ oúnjẹ fẹ̀, tí a sì ń jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí agogo bá dún.

Àmàlà àti ẹ̀bà: máíkírówéfù dáa ju ìkòkò lọ. Ẹ tú náílọ́ọ̀nù ara rẹ̀ kúrò, nítorí náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé e kò lè fara da ooru yìí. Ẹ gé òkèlè ńlá sí méjì nínú abọ́, ẹ wọ́n omi ṣíbí kan sí i, ẹ fi àwo bò ó, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì lórí 700W, kí ẹ sì fi ṣíbí onígi pò ó. Mọ́ínmọ́ín inú ewé náà dára níbẹ̀. Tinú agolo, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú agolo kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé.

Ìrẹsì: abọ́ kan láti fíríìjì, ṣíbí omi méjì, ọmọrí, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, kí ẹ rò ó láàárín. Gáàsì á jó ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó sùn mọ́jú lórí tábìlì, ẹ dà á nù. Kòkòrò tó ń hù nínú rẹ̀ máa ń fi májèlé sílẹ̀ tí ooru kò lè pa. Láàárín wákàtí méjì tí ẹ bá sè é tán ni kó ti wọ fíríìjì.

Ọbẹ̀ púpọ̀: gáàsì ló yá. Ọbẹ̀ abọ́ kan, máíkírówéfù ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ̀lú rírò ẹ̀ẹ̀mejì, kí àárín rẹ̀ sì dé 74°C tí ẹ bá ní tẹmómítà. Lítà kan tó dì láti fíríìsà, ẹ fi í sí agbára 30% fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ wá gbé agbára sókè.

Dòdò, dùndún, àkàrà àti púfù-púfù: ẹ má gbé wọn síbẹ̀. Omi inú wọn á jáde sí ara wọn, wọ́n á rọ̀ bí àkísà. Páànù gbígbẹ lórí gáàsì tàbí air fryer ló ni wọ́n.

Ohun tó ní awọ ń bú. Ẹyin bíbọ̀, kódà èyí tí a ti bó, lè bú lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́ jáde, tàbí ní ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹ gé e sí méjì. Ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́ àti ọ̀dùnkún odindi, ẹ fi fọ́ọ̀kì lu wọ́n ní ihò. Omi lásán nínú ife tó mọ́ tónítóní náà léwu: ó lè gbóná kọjá 100°C láìhó, kó wá ru sókè lójijì bí ṣíbí bá ti kàn án. Ẹ fi ṣíbí onígi sínú rẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Wàrà ọmọ ìkókó, omi gbígbóná nínú abọ́ ni kí ẹ fi mú un gbóná, nítorí máíkírówéfù á jẹ́ kí ibì kan gbóná fòò níbi tí ibòmíràn lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ìtọ́jú, àti ohun tó ń bàjẹ́

Ọ̀rá tó ta sí ògiri ló ń pa ọ̀pọ̀ máíkírówéfù. Lápá ọ̀tún nínú rẹ̀, bébà líle aláwọ̀ eérú kan wà tí àwọn kan rò pé ó jẹ́ ara páálí, tí wọ́n sì ń yọ sọnù. Máíkà ni, òun ló bo ẹnu ọ̀nà tí ìgbì ń gbà wọlé. Tí ọ̀rá bá jó mọ́ ọn di dúdú, ibẹ̀ ni iná á ti máa ta pààrà, tí yóò sì dá ihò sí i. Máíkà tuntun kò wọ́n, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e dé ìwọ̀n ti àtijọ́.

Fún fífọ̀ rẹ̀, ẹ bu omi ife kan sí abọ́, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i tàbí ẹ da fínígà ṣíbí méjì sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí agbára kíkún, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, kí ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Kàn-ìn-kàn-ìn onírin kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ nu etí ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kó lè máa pa dé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Ẹ fún un ní ààyè: sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lókè, nǹkan bíi 10 lẹ́yìn, díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ ọlọ́nà tí wọ́n fi ń bò ó, ẹ ká a kúrò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ má tàn án lófìfo láé, nítorí ìgbì tí kò rí oúnjẹ á padà sórí mágínẹ́tírọ́ọ̀nù. Tí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ìgbà tí iná bá ń padà dé ló ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ jù.

Tí àwo kò bá yí mọ́, ẹ wo róólà tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ike kékeré tí àwo jókòó lé, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan mọ́tò. Tí kò bá tàn rárá, ẹ fi nǹkan mìíràn dán ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ẹ wá wo fíùsì púlọ́ọ̀gì. Ohun tó kù, fíùsì inú tàbí súwíìṣì ilẹ̀kùn, oníṣẹ́ ló ni ín. Tó bá ń kùn kíkankíkan tí kò sì gbóná, dáódù tó ti jó ni kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wò, owó kékeré sì ni.

Ẹ má ṣe tú páálí irin ara rẹ̀ fúnra yín, kódà tí ẹ bá ti yọ iná. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì bá ti kúrò, iná yẹn sì tó láti pa èèyàn. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú iná inú kápásítọ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tí ẹ bá rí èyí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró. Tí oníṣẹ́ bá ní mágínẹ́tírọ́ọ̀nù ló kú nínú sólò lítà 20 tí ẹ ti lò fún ọdún mélòó kan, ẹ béèrè iye ẹ̀yà náà àti owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi wé iye tuntun lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti ju ìdajì lọ, ẹ ra tuntun, kí ẹ sì tọ́jú àwo gíláàsì àti róólà ti àtijọ́ tí ìwọ̀n wọn bá bára mu.